Bọ́ọ̀lù ọmọ mi ò yára sí i mọ́ láti oṣù márùn-ún, kí la lè ṣe?

Bàbá Ajùbọ́ọ̀lù: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 14, ló ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ softball wọn, eré bíi baseball tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀. Láti oṣù márùn-ún, máìlì 47 ní wákàtí kan ni ẹ̀rọ tó ń wọn eré bọ́ọ̀lù ń gbé jáde ṣáá. Ó ń gbé irin, ó ń ṣe push-up lálaalẹ́, ó sì ń ju bọ́ọ̀lù ọgọ́rùn-ún lójúmọ́. Apá rẹ̀ ti le bí òkúta, síbẹ̀ pàbó ni. Kí ló kù?

Kóòṣì Àgbà: Ẹ kú làálàá, Bàbá. Apá tó le yẹn gan-an ni mo fura sí. Ẹ wo pàṣán, ṣé èyí tó gan ló máa ń dún ni? Ẹsẹ̀ àti ìbàdí ni agbára ti ń wá, apá kàn ń gbé e dé ọwọ́ ni. Ẹ gba fídíò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wò ó díẹ̀díẹ̀. Tí ẹsẹ̀ iwájú bá balẹ̀, ṣé ó dúró gbọn-in, àbí orúnkún ń tẹ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ jókòó? Tó bá ń tẹ̀, ibẹ̀ ni agbára ń ṣòfò sí.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà láti orí rọ́bà, ìyẹn ibi tí ajùbọ́ọ̀lù ń dúró sí, lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù. Kó fò síwájú lórí ìlà náà láìmú nǹkan dání, kó balẹ̀, kó dúró bẹ́ẹ̀ kí ẹ ka ení, èjì. Ẹ sàmì síbi tó balẹ̀. Kò yẹ kó fi bẹ́ẹ̀ kéré sí gíga ara rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Kóòṣì, ẹ ò mẹ́nu kan ọrùn ọwọ́. Nígbà tiwa, orí ìkúnlẹ̀ la ti ń fi ọrùn ọwọ́ nìkan ta bọ́ọ̀lù.

Kóòṣì Àgbà: Mo ti pa ìyẹn tì tipẹ́, Ìyá. Tí apá bá ha ẹ̀gbẹ́ ìbàdí bó ṣe ń kọjá, apá á dẹwọ́ eré, ọwọ́ á sì ta fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí aṣọ rẹ̀. Tí ẹ ò bá gbọ́ “ṣáà” yẹn, apá ti jìnnà sí ara jù.

Ajùbọ́ọ̀lù Tẹ́lẹ̀: Èmi o, jíju jìnnà ló ràn mí lọ́wọ́. Kó kúrò ní ẹsẹ̀ bàtà 43 tó ti máa ń jù ú, kó sún sẹ́yìn dé 50, kó tún dé 60, kó máa rin ìgbésẹ̀ méjì kó tó yí apá. Lọ́jọ́ mìíràn, kó kọjú sí àwọ̀n lásán, kó fi gbogbo ara jù ú, ibi tó bá wù ú kó bà. Ọmọ tó ń ṣọ́ ojú ibi tí bọ́ọ̀lù máa bà kì í jù ú tán nínú. Ogún ti tó, kó sinmi bí ìdajì ìṣẹ́jú láàárín ọ̀kan sí ìkejì. Ọgọ́rùn-ún lójúmọ́ yẹn ti pọ̀ jù, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbọ́ ìyẹn o! Wọ́n máa ń sọ pé jíjù láti ìsàlẹ̀ kì í ṣe èjìká ní nǹkan kan. Irọ́ gbuu. Iwájú èjìká ọmọ tèmi ń dùn ún, ó fi pa mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n má baà yọ ọ́. Orí bẹ́ǹṣì ló wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Ọmọ Tuntun: Bọ́ọ̀lù tó wúwo ńkọ́? Monica Abbott, ajùbọ́ọ̀lù softball ará Amẹ́ríkà, ju ti máìlì 77 ní wákàtí kan ní 2012.

Kóòṣì Àgbà: Abbott ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínǹṣì mẹ́ta, àgbàlagbà sì ni. Ká tún orúnkún ọmọ yìí ṣe ná.

Bàbá Ajùbọ́ọ̀lù: Ẹ ṣé gan-an. Orúnkún ni lóòótọ́! Nígbà tó fò lórí ìlà, ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú mẹ́wàá ló fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, ló bá ní kí n wá fò ó. Ẹ má bi mí bó ṣe rí. Bọ́ọ̀lù ọgọ́rùn-ún ti di ogójì, lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, a sì ti gbé ẹ̀rọ pa mọ́. Kí la máa fi rọ́pò push-up?

Kóòṣì Àgbà: Kó máa fi ẹsẹ̀ kan jókòó sórí àga, kó sì fi ẹsẹ̀ kan náà dìde, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi fídíò mìíràn ránṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tiyín náà tí ẹ bá rí i gbà.