Èémí ọmọ ń há lóru látìgbà tí ọyẹ́ ti dé: kí ni ká ṣe, báwo la sì ṣe máa mọ ohun tí ara rẹ̀ kọ̀?

ÌyáÌbejì_Òkèlele

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ ọdún 9 ni mo ń béèrè fún. Láàárín aago 2 sí aago 4 òru ni èémí rẹ̀ máa ń há. Á dìde jókòó, á máa wú ikọ́ gbígbẹ, àyà rẹ̀ á máa dún fíì-fíì. Tílẹ̀ bá mọ́, ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ó máa ń sín láàárọ̀, imú rẹ̀ a sì máa yún un. Dókítà ní ikọ́ fée ni, ó fún un ní ínhélà aláwọ̀ búlúù, àmọ́ ó jọ pé ẹnu ni oògùn náà ń pin sí, kì í dé àyà. Kí ni ká máa ṣe lóru ọ̀hún gan-an? Kí ló dé tó fi jẹ́ òru? Báwo la sì ṣe máa mọ ohun tí ara rẹ̀ kọ̀? Àwọn àgbà àdúgbò ní ká máa fún un ní epo pupa lá tó bá ti bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Tankẹ

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fún un ní epo yẹn. Ọmọ tí èémí ń há kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Epo lè ṣì yà sí ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn á wá di àìsàn kejì. Ẹ má sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orí rẹ̀ sórí omi gbígbóná kó máa fa oru rẹ̀ símú. Omi yẹn máa ń bó ọmọ lára, oru rẹ̀ sì lè mú kí ọ̀nà èémí tún fún sí i.

Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e jókòó, kó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kó gbé ọwọ́ lé pílò tó wà lórí itan rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dùbúlẹ̀. Ẹ mú ínhélà, ẹ mì ín dáadáa, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré sínú spacer (ike oníhò tó máa ń wà láàárín ínhélà àti ẹnu ọmọ), kí ọmọ mí sínú mí síta nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ tún un mì, ẹ tún un tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni títí á fi pé ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 4. Tí kò bá rọlẹ̀, ẹ tún tẹ mẹ́rin mìíràn fún un. Tí kò bá tún rọlẹ̀, ẹ gbéra lọ ọsibítù, kí ẹ sì máa fún un ní mẹ́rin mẹ́rin ní ìṣẹ́jú 4 sí 4 títí ẹ ó fi débẹ̀.

Ohun tó ń jẹ́ kí oògùn pin sí ẹnu ni pé ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ tààrà sí i lẹ́nu. Eré tí oògùn náà ń bá jáde pọ̀, ahọ́n àti ọ̀fun ni èyí tó pọ̀ jù máa lẹ̀ mọ́. Spacer ló ń dá eré yẹn dúró. Tí ẹ ò bá rí i rà, ike omi oní-500 ml ṣe é lò. Ẹ fi wáyà tí ẹ ti mú gbóná nínú iná lu ihò sí ìdí ike náà, kí ihò ọ̀hún ṣe déédéé ẹnu ínhélà kí afẹ́fẹ́ má bàa jò. Ẹnu ike ni ọmọ máa fi sí ẹnu. Àwọn dókítà ní Cape Town dán irú ike yìí wò fún àwọn ọmọdé ní 1999, ó sì ṣiṣẹ́. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó ro gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi aṣọ nù ún: tí a bá ń nu ike, ó máa ń fa nǹkan mọ́ra, oògùn á wá lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí ínhélà sí i lára. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ju 200 títẹ̀ lọ. Kó ṣì máa fọ́n afẹ́fẹ́ jáde kò fi hàn pé oògùn ṣì wà nínú rẹ̀.

Àwọn àmì tí kò gba ká dúró de ilẹ̀ mímọ́ rèé: kò lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta pọ̀ kó tó mí, ẹran àárín ìhà tàbí ti abẹ́ ọrùn ń wọnú tó bá ń mí, ahọ́n àti inú ètè rẹ̀ ti ń ṣe bí eérú (ara dúdú ò ní jẹ́ kí ẹ rí i níbòmíràn), oorun àìdá ń gbé e, tàbí àyà tó ń dún tẹ́lẹ̀ ṣàdéédéé dákẹ́ tó sì ṣì ń jà. Ẹ má pe dídákẹ́ yẹn ní ìrọ̀rùn, afẹ́fẹ́ ni ò wọlé mọ́. Ẹ ti béèrè lọ́sàn-án ibi tó ní ọ́síjìn lóru ládùúgbò yín. UITH, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìlọrin, ní Òkè-Òsé dára, àmọ́ ẹni tó wà ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán kò gbọdọ̀ gba iwájú ọsibítù ìjọba ìlú rẹ̀ kọjá torí Ìlọrin.

Apoògùn_Gáà-Àkànbí

Nọ́ọ̀sì ti sọ ti òru tán. Èmi fẹ́ fi ti ọ̀sán kún un, torí ọ̀sán la ti ń wo àìsàn òru sàn.

Omi ara kan wà tó ń jẹ́ cortisol, òun ló ń pẹ̀tù sí wíwú inú ara. Ààjìn òru ló máa ń lọ sílẹ̀ jù, ọ̀nà èémí a sì fún jù ní nǹkan bí aago 4 ìdájí. Ẹ fi kelebe imú tó ń ṣàn sẹ́yìn ọ̀fun kún un, àti fóòmù tí ọmọ dojú bò. Ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ fi ń dá lọ́sàn-án.

Ínhélà búlúù ń ṣílẹ̀kùn ni, kò wo wíwú náà. Tí èémí bá jí èèyàn lóru lẹ́ẹ̀kan péré láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, GINA, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ikọ́ fée, kà á sí àmì pé àìsàn náà ò tíì sí níkàáwọ́. Ẹ béèrè ínhélà kejì lọ́wọ́ dókítà, èyí tó ní beclometasone tàbí budesonide, tí wọ́n sábà máa ń lò láàárọ̀ àti lálẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara yá. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kẹ́ ẹ tó rí iṣẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jù ú nù. Kó fi omi yọ ẹnu, kó tu ú dànù lẹ́yìn rẹ̀, kí funfun má bàa hù sí i lẹ́nu.

Fún imú àti sísín, loratadine wà: 5 mg lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọmọ tí kò ju kílò 30 lọ, 10 mg fún èyí tó jù bẹ́ẹ̀. Kò lè ṣí àyà o. Oògùn oníhóró tí wọ́n dì pọ̀ sínú ọ̀rá láìkọ orúkọ sí i, ẹ má rà á fún ọmọ ọlọ́mọ.

Fún àwọn àgbà tó ń ka èyí: àwọn oògùn ara ríro bí ibuprofen, diclofenac àti aspirin máa ń ta ikọ́ fée àwọn kan jí, propranolol, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, náà sì léwu fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Tí Ramadan bá dé, ìgbà sààrì àti ìgbà ìṣínu bá ínhélà ẹlẹ́ẹ̀mejì mu rẹ́gí. Ti búlúù ò ṣeé dá dúró tí èémí bá há. Kùránì fúnra rẹ̀ gba aláìsàn láyè láti san ààwẹ̀ padà lọ́jọ́ mìíràn.

Wolé-wolé_Òmù-Àrán

Ẹ jẹ́ ká wọ yàrá. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ọyẹ́ ni màá kọ́kọ́ dì mú. Láti ọyẹ́ èṣí ló ti wà nínú àpótí pẹ̀lú kanfọ̀, a yọ ọ́, a fi bo ọmọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú ò rí, tó ń jẹ èépá ara wa, ti fi ojú òjò pọ̀ sínú rẹ̀. Ìgbẹ́ wọn ni ara ọ̀pọ̀ èèyàn kọ̀. Òórùn kanfọ̀ tún ń ta imú. Ẹ da garawa omi tó hó yaya kan pọ̀ mọ́ garawa omi ẹ̀rọ kan, ìyẹn á sún mọ́ 60°C, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ò lè pa wọ́n. Ẹ rẹ bùláńkẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àti àpò pílò sí i kẹ́ ẹ tó fọ̀ wọ́n, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá tó le wé fóòmù náà délẹ̀. Pílò olówùú àràbà, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀.

Rọ́ọ̀gì àti ẹní ìkírun, ẹ gbọ̀n wọ́n níta. Kí ẹ má gbá yàrá ní gbígbẹ. Aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi nu ilẹ̀, kí ọmọ má sì sí nítòsí. Tùràrí, oògùn ẹ̀fọn tí à ń sun, fílíìtì: ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dípò wọn. Àgbò Iléyá kì í sùn nítòsí fèrèsé ọmọ yìí. Aáyán náà ńkọ́? Ẹ bo oúnjẹ àti pàǹtí kí ilẹ̀ tó ṣú. Òkèlele sì ni ẹ wà, wọ́n ń sun ìkòkò níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sun ún, ẹ ti fèrèsé ìhà ibẹ̀.

Ẹ má ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ̀bi. Bùláńkẹ́ẹ̀tì àti fóòmù kọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà èéfín, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé: aago tó jí, ohun tí ẹ sun, yàrá tó sùn sí, iye ìgbà tí ẹ tẹ ínhélà. Ìwé yẹn ni dókítà máa fẹ́ rí.

Ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ o. Tí orí bá ń fọ́ ẹni méjì mẹ́ta nínú ilé lóru kan náà, tí èébì ń gbé wọn, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ nítòsí, ikọ́ fée kọ́ nìyẹn. Gáàsì olóró inú èéfín jẹnẹrétọ̀ (carbon monoxide) ni, kò sì lóòórùn. Ẹ kó gbogbo ilé síta kíá, kí ẹ tó máa wádìí.

ÌyáÌbejì_Òkèlele

Ẹ ṣeun, ẹ ò ní rí ibi. Bàbá àgbà ọmọ náà máa ń jí lóru pẹ̀lú èémí tó há, àfi kó tó pílò mẹ́ta kó tó lè sùn. Ẹsẹ̀ wọn ń wú nírọ̀lẹ́. Ṣé kí wọ́n máa bá ọmọ lo ínhélà?

Nọ́ọ̀sì_Tankẹ

Rárá o, Ìyá Ìbejì. Pílò mẹ́ta àti ẹsẹ̀ wíwú jọ ti ọkàn ju ti ikọ́ fée lọ: omi ló ń ṣàn padà sínú ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n bá dùbúlẹ̀. Búlúù yẹn lè mú kí ọkàn wọn máa sáré sí i. Kí wọ́n lọ láàárọ̀ ọ̀la kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n ṣe ECG (àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù), kí wọ́n sì kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání, títí kan ẹ̀kán ojú. Tí wọ́n bá wúkọ́ ìfófòó tàbí tí àyà ń dùn wọ́n lálẹ́ òní, kí ẹ má dúró de àárọ̀.