Tòmátò alágolo tó wú nínú páálí: ṣé ọjà títà ṣì ni?

Ìyá Alátẹ, Bódìjà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ra 60 páálí tòmátò alágolo ní ₦24,000 lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó máa ń kó ọjà fún àwa tí a ń tà lẹ́yọlẹ́yọ. Páálí kan ló ṣí hàn mí. Ó dára, ni mo bá sanwó. Nígbà tí mo tú ẹrù ní ṣọ́ọ̀bù, agolo inú 18 páálí ti wú, bẹ́ẹ̀ ni oṣù méjì péré ló kù kí ọjọ́ ìlò 12 mìíràn pé. Bóyá ni páálí kọ̀ọ̀kan nínú wọn á mú ju ₦19,000 wá. Olùtà ní ó wà lẹ́yìn rìsíìtì pé ọjà tí a bá ti rà kò ṣeé dá padà. Kí ni òfin ń pè ní ọjà tó ṣeé tà, báwo ni mo sì ṣe máa kọ èyí tó wà nílẹ̀ sínú ìwé owó?

Agbẹjọ́rò Àgbà:
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Òfin títà ọjà tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jogún wá láti inú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1893, èyí tó sọ pé bí a bá fi orúkọ ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣòwò irú rẹ̀, ọjà náà gbọ́dọ̀ ṣeé tà lábẹ́ orúkọ yẹn. Kì í ṣe pé kó sáà ti rí ẹni rà á. Nínú ẹjọ́ Jones àti Just ní 1868, omi òkun ti ba okùn Manila jẹ́; wọ́n rí i tà ní ẹ̀dínwó, síbẹ̀ ilé ẹjọ́ dá olùrà láre.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti fẹ́ takókó ni àyẹ̀wò. Ní 1919, àwọn kan tó ń ra gúlúù kánjú, ẹ̀yìn àgbá nìkan ni wọ́n wò bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n láàyè láti wo inú, wọ́n sì pàdánù ẹjọ́ wọn. Nítorí náà, ta ló yan páálí tí ẹ wò? Bó bá jẹ́ olùtà ló mú un hàn yín gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ìyókù gbọ́dọ̀ bá àpẹẹrẹ náà mu, àbùkù tí ojú kò lè rí lára àpẹẹrẹ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rìsíìtì kò bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀yìn tí ẹ ti sanwó ni wọ́n fún yín. Àwọn 12 yẹn ló le díẹ̀, nítorí wọ́n ṣeé tà lọ́jọ́ tí ẹ rà wọ́n.

Ẹ tètè kọ ìwé sí olùtà náà. Bí ẹ bá ti ń tà nínú rẹ̀, òfin lè kà á pé ẹ ti gbà á, owó àdánù nìkan ni ẹ óò lè béèrè. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018 kò sí fún ẹni tó rà láti tún tà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra agolo wíwú lọ́wọ́ yín lè fi mú yín.

Ọmọ Ọlọ́jà:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ta àwọn tó wú ní ẹ̀dínwó rárá, kódà fún olóúnjẹ. Ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ tí kòkòrò àìfojúrí ń tú jáde ló wú wọn, ó sì lè pa ènìyàn.

Oníṣirò Owó:
Ìlànà IAS 2, ìyẹn ìlànà ìṣirò owó àgbáyé lórí ọjà tó wà nílẹ̀, sọ pé iye tí a ra ọjà, tàbí iye tí yóò mú wọlé lẹ́yìn ìnáwó títà rẹ̀, èyí tó bá kéré nínú méjèèjì ni kí a kọ. 30 páálí tó dára dúró lórí ₦720,000, kódà bí owó tòmátò bá gbówó lórí lọ́la. Bí owó ọkọ̀ àti alábàárù bá jẹ́ ₦500, ₦18,500 ni ẹ óò kọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn 12, ìyẹn ₦222,000. Àwọn 18 jẹ́ òfo, òfò ₦432,000 sì nìyẹn. Àwọn ènìyàn máa ń sábà kọ owó tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ olùtà mọ́ ọjà kí ìwé lè dára lójú báńkì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ àfi bó bá ti dájú pé yóò san án.

Ìyá Alátẹ, Bódìjà:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló yan páálí náà, wọ́n sì ti lẹ ìyókù pa. Mo ti ya fọ́tò wọn; ìwé náà á tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lọ́la.