Ẹ̀rọ wo ló lè gba àwo Vitaphone?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí o. Bàbá àgbà ìyàwó mi ló ń bójú tó ẹ̀rọ sinimá ní ìlú kékeré kan ní Ohio ní 1929, nígbà tí fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀, tí ohùn sì wà lórí àwo lọ́tọ̀. Vitaphone ni wọ́n ń pe irú àwo bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ló sì ṣẹ́kù fún wa. Ínǹṣì 16 ni, inú ni abẹ́rẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ bọ̀ síta, a sì ṣì ń rí àmì tí bàbá ń fà sójú ìwé àárín rẹ̀ nígbàkigbà tó bá lò ó. Ẹ̀rọ giramafóònù tèmi ò gbà ju àwo ínǹṣì 12 lọ. Ẹni tó ń tún giramafóònù ṣe ní abẹ́rẹ́ òde òní ti tín-ín-rín jù fún ilà ara àwo náà. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ bàjẹ́. Irú ẹ̀rọ wo ló lè gbà á, báwo sì ni kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣe nípọn tó?