Ọ̀pá páàdì mi ń fà fúnra rẹ̀: ṣé kí n fọ̀ ọ́ ni, àbí kí n pààrọ̀ rẹ̀?

Ajíṣeré: Ẹ̀yin àgbà inú gémù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Ọ̀pá òsì páàdì mi (ọ̀pá kékeré tí àtàǹpàkò ń tì káàkiri) ń fà sápá òsì láìjẹ́ pé ọwọ́ kàn án. Mo ti fọ́n sípíríìtì sí ìdí rẹ̀. Ó dáa fún ọjọ́ mẹ́ta, ó tún padà sí bó ṣe wà. Ṣé kí n tún un fọ̀, kí n pààrọ̀ ọ̀pá nìkan, àbí kí n kúkú ra òmíràn? Mo lè tú síkírù, ṣùgbọ́n mi ò tíì jó lẹ́ẹ̀dì (èyí tí a ń yọ́ láti fi lẹ nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù) rí.

Bàbá Mítà: Ẹ má tíì tú nǹkan kan. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ fi wáyà so páàdì mọ́ kọ̀ǹpútà. Lórí Windows, ẹ tẹ Windows àti R pọ̀, kẹ́ ẹ kọ joy.cpl síbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ewé tí wọ́n fi ń dán páàdì wò lórí Chrome dára jù, torí ó ń fi nọ́ńbà hàn. Àárín ni 0, ìparí ọ̀tún ni 1, ìparí òsì ni -1. Ẹ gbé páàdì sórí tábìlì, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà X (òsì sí ọ̀tún) àti Y (òkè sí ìsàlẹ̀) fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ọ̀pá dé ìparí òsì, kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀ lójijì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀tún. Ẹ tún un ṣe ní ìgbà mẹ́wàá, kẹ́ ẹ máa kọ ibi tó ń dúró sí.

Bí nọ́ńbà bá ń jó láìfọwọ́kàn, ojú ọ̀nà kábọ́ọ̀nù ló ti jẹ tàbí ló dọ̀tí. Bó bá jẹ́ pé ó ń dúró síbi kan tó bá ti òsì bọ̀, tó sì ń dúró síbòmíràn tó bá ti ọ̀tún bọ̀, sípíríǹgì ló ti rẹ̀, kò sí ìfọ̀ tó lè wo ìyẹn sàn. Bó bá sì jẹ́ ojú kan náà ló ń dúró sí ṣáá, tí kò mì, kò sóhun tó bàjẹ́. Àárín rẹ̀ ló yẹ̀, ẹ kàn máa tún un wọ̀n ni, kí páàdì lè mọ ibi tí àárín wà.

Ajíṣeré: Ẹ ṣé, sà. X ń jó láàárín -0.06 sí -0.19. Y dúró digbí sí 0.01.

Bàbá Mítà: Ó ti yé wa nìyẹn. Potentiometer (ẹ̀yà tó ń sọ ibi tí ọ̀pá wà) méjì ló wà lára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún X, ọ̀kan fún Y. Ti X ló ń ṣàìsàn. Ohun kan náà ni pẹ̀lú kóńkó tí a fi ń yí ohùn rédíò sókè: ahọ́n irin tín-ín-rín kan ń ha ojú kábọ́ọ̀nù. Bó bá ti ha á pẹ́, ẹ̀tù kábọ́ọ̀nù á kó jọ sójú ọ̀nà, nọ́ńbà á sì máa fò. Sípíríìtì tẹ́ ẹ fọ́n kàn ti ẹ̀tù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Kò lè dá kábọ́ọ̀nù tó ti jẹ padà.

Ọba Deadzone: Ẹ̀yin ń kánjú sí iṣẹ́ abẹ. Ẹ gbé deadzone (àyè àárín tí gémù kì í ka ìrìn ọ̀pá sí) sí 0.22 nínú Steam (ètò tí a fi ń gbá gémù lórí kọ̀ǹpútà) tàbí nínú gémù fúnra rẹ̀, gbogbo ìjó yẹn á parẹ́.

Ìyá Konsólù: Á parẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ìdá kan nínú márùn-ún ìrìn ọ̀pá ló fi ṣòfò yẹn. Lórí gémù bọ́ọ̀lù, ó ṣeé fara dà. Lórí gémù mọ́tò, tàbí bó bá jẹ́ ọ̀pá ọ̀tún tí a fi ń fojú sun ìbọn ni, ìyà ni. Bí ìfà kò bá kọjá 0.10, mo fara mọ́ deadzone. Ti 0.19 kọ́.

Àbúrò, bí o bá fẹ́ fọ̀ ọ́ dáadáa, má fọ́n nǹkan láti òkè. Tú ẹ̀yìn páàdì. DualShock 4 (páàdì PlayStation 4) ní síkírù Phillips (olórí àgbélébùú) mẹ́rin lẹ́yìn. Páàdì Xbox ń fẹ́ síkírùdíráfà Torx T8 (ẹlẹ́nu ìràwọ̀) tó ní ihò láàárín, síkírù kan sì fara pamọ́ sábẹ́ ìwé ibi tí bátìrì ń jókòó. Má fa ẹ̀yìn DualShock yọ wìì o, wáyà pẹlẹbẹ kan so apá méjèèjì pọ̀. Yọ wáyà bátìrì kí o tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù.

Wàá rí àpótí pẹlẹbẹ méjì tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá. Fi síkírùdíráfà pẹlẹbẹ tó kéré jù ṣí ìdérí èyí tó jẹ́ ti X. Fi òwú etí tó ní sípíríìtì isopropyl 99% nu ojú dúdú náà, ẹ̀ẹ̀mejì péré, jẹ́jẹ́. Má lo 70%, omi ló kún ìyókù. Má lo WD-40 rárá: òróró tó bá fi sílẹ̀ ni eruku á lẹ̀ mọ́. Má tẹ ahọ́n irin yẹn; bó bá ti wọ́, ó parí. Jẹ́ kó gbẹ fún 20 ìṣẹ́jú kí o tó dé e.

Bí o bá rí ìlà funfun tó ti gbẹ́ sójú dúdú náà, má wulẹ̀ fọ̀ ọ́ mọ́.

Alágbẹ̀dẹ Bọ́ọ̀dù: Bí ìlà bá ti wà, ẹ pààrọ̀ ni. Potentiometer kan ṣoṣo ní ẹsẹ̀ 3. Odidi ọ̀pá ní ẹsẹ̀ 14. Ẹni tí kò jó lẹ́ẹ̀dì rí, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ 3, kó sì kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀dù òkú kan kọ́ṣẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba bọ́ọ̀dù jẹ́ ni yíyọ. Lẹ́ẹ̀dì ilé iṣẹ́ kì í tètè yọ́, ó ń fẹ́ bíi 217°C. Ẹ fi flux (oje tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì ṣàn dáadáa) sí i, kẹ́ ẹ fi lẹ́ẹ̀dì 63/37 (tánńganran 63%, òjé 37%) tuntun bò ó. 183°C nìyẹn ń yọ́, bí méjèèjì bá dà pọ̀, á rọrùn. Áyọ́ọ̀nù ní 350°C, ìṣẹ́jú-àáyá 3 sí 4 lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá tíì yọ́, ẹ má fà á: òrùka bàbà tó yí ihò ká á bá a jáde. Bó bá sì jẹ́ odidi ọ̀pá ni, ẹ fi pílíásì gé e sí wẹ́wẹ́ kẹ́ ẹ máa yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò sáà ní lò ó mọ́.

Ajíṣeré: Àwọn ọ̀pá Hall effect tí wọ́n ń pariwo yẹn ńkọ́?

Bàbá Mítà: Òòfà ló ń lò, nǹkan kan kì í ha nǹkan kan, nítorí náà kò sí kábọ́ọ̀nù tó máa jẹ. Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun o. Páàdì Dreamcast (ẹ̀rọ gémù Sega) ti lò ó láti 1998. Ó ń dùn mí pé wọ́n pa á tì tó bẹ́ẹ̀. TMR, irú ọ̀pá mìíràn, náà ń lo òòfà, iná tó ń jẹ kéré sí ti Hall. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì ṣì wà nínú méjèèjì, ó ṣì lè rẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ Bọ́ọ̀dù: Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé odidi ọ̀pá lẹ máa pààrọ̀ fún ìyẹn, ẹsẹ̀ 14. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n. Fún DualShock 4 àti DualSense (páàdì PlayStation 5), ojú ewé kan wà tó ń ṣe é láti inú Chrome pẹ̀lú wáyà USB: àárín lẹ kọ́kọ́ máa wọ̀n, lẹ́yìn náà ìyípo. Ẹ fi gbá gémù díẹ̀ kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó kọ ọ́ sínú páàdì pátápátá. Páàdì ayédèrú kì í sábà gbà á.

Ajíṣeré: Ó yé mi. Màá ṣí ìdérí X lónìí kí n wo ojú dúdú yẹn. Ẹ̀yìn páàdì ní ihò kékeré kan tí a ń fi abẹ́rẹ́ tẹ̀, ṣé kò lè ràn mí lọ́wọ́?

Ìyá Konsólù: Ìsopọ̀ Bluetooth nìyẹn ń tún ṣe. Kò kan ọ̀pá.