Iṣẹ́ náà yé mi o, àmọ́ tí wọ́n bá ní kí n dìde ṣàlàyé ẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu mi

Ọmọ_Bóòtù:
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ilé o. Ọdún kẹta rèé tí mo ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ti ẹ̀rọ ni tèmi. Mi ò fẹ́ yin ara mi àmọ́ tó bá di ìṣirò, kò sí wàhálà, àwọn ọmọ kíláàsì mi gan-an máa ń wá bá mi kí n ṣàlàyé fún wọn tí ìdánwò bá ti kù dẹ̀dẹ̀. Ibi tọ́rọ̀ wà ni pé tí wọ́n bá ti ní kí n bọ́ síwájú báyìí, ó parí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la ṣe prẹsẹntéṣọ̀n prọ́jẹ́ẹ̀tì wa, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún wa, pọ́ǹpù omi kékeré kan la ṣe, èmi ni mo ṣe gbogbo ìṣirò ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí ìdọ́gba Bernoulli, ìyẹn ìṣirò bí omi ṣe ń ṣàn, mò ń bọ̀, mò ń bọ̀, mo dé sílàìdì keje, ni ọ̀gá kan tó jókòó níwájú bá wò mí báyìí, ó ní "ṣé pọ́ǹpù yìí ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?" Ẹ jọ̀ọ́, ó ṣiṣẹ́ o! Ó tiẹ̀ ju ohun tí wọ́n ní ká ṣe lọ. Àmọ́ sílàìdì kẹrìnlá ni mo kọ ìyẹn sí, n ò wá rántí iye ẹ̀ mọ́, mo kàn ń wo bàtà mi. Ẹni tá a jọ ṣe é, tí ò mọ ìdajì ohun tí mo mọ̀, òun ló gbà á lẹ́nu mi tó dáhùn. Máàkì ẹ̀ ju tèmi lọ.

Ó dùn mí wọra. Ṣé kí n máa há gbogbo ẹ̀ sórí ni? Àbí àwa kan ò kàn ní ẹ̀bùn ẹnu ni?

Bàbá_Nọ́ọ̀tì:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Má há nǹkan kan sórí o, ọjọ́ tí gbólóhùn kan bá já bọ́ nínú ẹ̀, gbogbo yòókù ló máa tẹ̀ lé e.

Ṣé o ò gbọ́ ohun tí ìwọ fúnra ẹ kọ ni? O ní wọ́n ń wá bá ẹ kó o ṣàlàyé fún wọn. Tí wọ́n bá wá, ṣé orí Bernoulli lo ti ń bẹ̀rẹ̀? Wàá kọ́kọ́ bi wọ́n pé ibo ló ti dojú rú, wàá dá wọn lóhùn níbẹ̀, wàá máa wojú wọn, tó o bá rí i pé kò tíì yé wọn wàá gba ọ̀nà míì. O lẹ́nu. Ohun tó ṣe ẹ́ ni pé o ń ròyìn iṣẹ́ bó o ṣe ṣe é. Lórí ìwé, ìdáhùn ló máa ń gbẹ̀yìn. Níwájú èèyàn, òun ló yẹ kó ṣíwájú, kí wọ́n tó máa wo aago. Ọ̀gá yẹn ò fìyà jẹ ẹ́ o, ó bá ẹ wá ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ ni.

wáyà_pupa:
Bàbá ti sọ ọ́ tán. Mo kàn fẹ́ fi ti Feynman kún un, onímọ̀ físíìsì yẹn. Nígbà tí Challenger, ọkọ̀ òfuurufú NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rán ọkọ̀ lọ sójú ọ̀run, bú gbàù lójú ọ̀run ní January 28, 1986, tí èèyàn méje inú ẹ̀ kú, ó wà lára ìgbìmọ̀ tó wádìí ẹ̀. Àwọn èèyàn ń fa ọ̀rọ̀ gùn lórí òrùka rọ́bà tó ń dí oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì, ó kàn mú ẹyọ kan nínú rọ́bà náà, ó fi irin kékeré há a, ó tì í bọ inú kọ́ọ̀bù omi yìnyín níwájú kámẹ́rà. Nígbà tó yọ ọ́, tó tú irin náà, rọ́bà ò tètè padà sípò. Kò kọ ìdọ́gba kankan, ó sì yé gbogbo ayé pé òtútù ló bà á jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n_Ṣáàtì:
@wáyà_pupa òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ bíi pé àwọn ẹnjiníà tó ṣe é ni ò mọ ọ̀rọ̀ sọ o, inú máa ń bí mi sí ìyẹn. Roger Boisjoly, ọ̀kan lára àwọn ẹnjiníà náà, ti kọ̀wé sáwọn ọ̀gá ẹ̀ ní July 1985 pé tí wọn ò bá tètè wá nǹkan ṣe sí òrùka yẹn, ẹ̀mí lè lọ sí i. Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn gan-an wọ́n tún sọ ọ́ lórí fóònù pé kí wọ́n má gbé e gbéra nínú òtútù. Àwọn ọ̀gá ló ní kó máa lọ. Nítorí náà ọmọ, yàtọ̀ sí ẹnu, máa kọ ọ́ sílẹ̀, kó o sì kọ déètì sí i. Máa kọ yúnìtì náà pẹ̀lú o! Ọkọ̀ òfuurufú tí NASA rán lọ sí Mars ṣègbé ní 1999 torí pé àwọn kan ń fi pọ́n-ùn ṣírò agbára ẹ̀rọ ẹ̀, àwọn tó gbà á lọ́wọ́ wọn rò pé Newton ni.

kò_sí_NEPA:
Èmi ní tèmi, fóònù ló là mí. Mo gba ohùn ara mi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, nígbà tí mo gbọ́ ọ ojú tì mí, "ṣẹ́ẹ rí i" tí mo sọ nínú ẹ̀, mo kà á, 31! Ní báyìí tó bá ti fẹ́ jáde lẹ́nu mi, mo máa ń dákẹ́ ni. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀, àmọ́ àwọn tó ń gbọ́ ò tiẹ̀ fura. Ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbọ̀n o, ìyẹn ò lọ.

Ọmọ_Bóòtù:
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti tún ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kọ, ẹ bá mi wò ó: "Ẹ káàsán o, lónìí a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa pọ́ǹpù kan tí ẹgbẹ́ wa ṣe, èyí tí wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ máa gbé omi lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan, tiwa sì ń gbé 23."

Bàbá_Nọ́ọ̀tì:
Ó ti ń bọ̀. Gé orí ẹ̀ kúrò. "Ẹ káàsán. Lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lẹ ní kí pọ́ǹpù wa gbé, ó ń gbé 23." Lẹ́yìn náà kó o dákẹ́ díẹ̀.

Ọmọ_Bóòtù:
Tí wọ́n bá wá ní báwo la ṣe mọ̀ pé 23 ni ńkọ́? Ṣé ibẹ̀ ni kí n ti mú Bernoulli jáde?

Bàbá_Nọ́ọ̀tì:
Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?

Ọmọ_Bóòtù:
A gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 10 sábẹ́ ẹ̀, a fi fóònù ka àkókò, ó kún ní ìṣẹ́jú àáyá 26. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é, bákan náà ló ṣe ń jáde.

Bàbá_Nọ́ọ̀tì:
Bó o ṣe sọ ọ́ yìí gan-an. Má tún un ṣe mọ́.