Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, Texas yìí ti sú mi

Ìyá Ẹniọlá: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Chicago la wà tẹ́lẹ̀, ọkọ mi ló ní ká wá sí Houston, pé àwọn èèyàn wa pọ̀ ní Alief. Àbúrò rẹ̀ ló ń tì í. Tí mo bá jáde ní kùtù, aṣọ á ti lẹ̀ mọ́ mi lára kí n tó dé ìdí mọ́tò. Ọmọ mi tẹ òkìtì èèrà pupa nínú koríko iwájú ilé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ irorẹ́ olómi funfun. Wọ́n tún rí ọ̀nì nínú adágún àdúgbò wa. Òjò àná kún títì dé ẹnu géètì, mi ò fojú kan oorun. Ṣé kí n kó àwọn ọmọ padà ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ooru á mọ́ yín lára. Èmi, òtútù February 2021 ni mi ò lè gbàgbé. Iná lọ, páìpù bẹ́ nínú àjà, kóòtù la wọ̀ sùn. Texas dá wáyà iná tirẹ̀ ní ni, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ò rí iná tó pọ̀ fún wa.

Akin Dallas: Ẹ kó wá sí Dallas. Ìjì òkun kì í yọ wá lẹ́nu.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Yìnyín tó fọ́ gíláàsì mọ́tò mi ní Dallas ńkọ́? Ẹ máa sọ òtítọ́ fáwọn èèyàn.

Bàbá Dámilọ́lá: Ìyá Ẹniọlá, ẹ ò sọ ibi tílé wà. Ẹ háyà ni àbí ẹ rà á? Ṣé omi wọ ibẹ̀ nígbà ìjì òkun Harvey, August 2017?

Ìyá Ẹniọlá: A rà á ni sà. Katy ni, lẹ́bàá Houston, lẹ́yìn dáàmù Barker. Ilé tó dáa ni o, ọkọ mi kì í ṣe aláìnírònú. Ẹni tó tà á ní omi ò wọ ibẹ̀ látìgbà tóun ti tún un ṣe.

Bàbá Dámilọ́lá: Kí ló bà á jẹ́ tó fi tún un ṣe? Àwọn ọdún 1940 ni àwọn ẹnjiníà ológun kọ́ dáàmù Barker àti Addicks, lẹ́yìn omíyalé 1929 àti 1935, kí omi má baà gbé àárín Houston lọ. Ilẹ̀ ibí tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ní 2017, omi tí dáàmù dá dúró kọjá ilẹ̀ ìjọba, ó wọlé onílé. Ìnṣọ́ránsì ilé lásán kì í san ti omíyalé. Báńkì ò ní kẹ́ ẹ ra tirẹ̀ lọ́tọ̀?

Ìyá Ẹniọlá: A ò yáwó sà. Ilẹ̀ bàbá wọn tí wọ́n tà ní Ìbàdàn ló fi san án.

Ìyá Ìbejì: Háà! Ará Ìbàdàn tó mọ ohun tí Ògùnpa ṣe ní 1980!

Bàbá Dámilọ́lá: Ẹ má bú wọn. Ká ní ẹ yáwó ni, ìnṣọ́ránsì omíyalé ti ìjọba ì bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ buwọ́ lùwé. Ní báyìí, ọjọ́ 30 lẹ máa fi dúró, ìgbà ìjì ò sì parí títí November 30. Ẹ rà á lónìí. Owó tí wọ́n lè san lórí ilé ò kọjá $250,000, ti ẹrù ò kọjá $100,000, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ máa sanwó wọn. Ẹ tún wá ìwé tẹ́ni tó talé buwọ́ lù. Òfin Texas ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ bí omi bá ti wọlé rí.

Ìyá Ẹniọlá: Ọwọ́ àbúrò ọkọ mi nìwé yẹn wà. Òun ni ejẹ́ǹtì wa.

Bàbá Dámilọ́lá: Ẹ gba ìwé náà kẹ́ ẹ tó sọ ohunkóhun fún un.