Eré sísá ò dùn mọ́ mi mọ́, kí ni kí n ṣe?

Oníbéèrè, Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mò ń múra fún eré gígùn ti Èkó, èyí tí wọ́n máa ń sá nínú oṣù Èrèlé. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti ń so okùn bàtà lówùúrọ̀ ni inú mi á máa dùn. Ní báyìí, bí áláàmù bá dún, àyà mi á já. Mo ń kanra mọ́ èèyàn, oorun ò kùn mí bó ṣe yẹ, ojúgun òsì sì ń ro mí. Mo dín oúnjẹ kù kí ara lè fúyẹ́: gàrí mímu lọ́sàn-án, ẹ̀fọ́ díẹ̀ lálẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń sá a, mo sì ń fẹ́ kó yá ju ti àná lọ. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?

Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù: Rárá o, àbúrò mi. Ìgbà téèyàn bá ń sinmi ni ara ń rí àyè tún ara rẹ̀ ṣe. Kìlómítà 42 àti díẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ìkánjú múra fún. Jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù nínú ìsáré rẹ rọra, débi tí wàá lè bá ẹnìkejì rẹ tàkúrọ̀sọ láì mí hẹlẹhẹlẹ. Eré àsápajúdé, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó. Kí ọjọ́ kan sì wà tí o ò ní sáré rárá. Jọ̀ọ́, má sá a lórí títì márosẹ̀, àwọn ọkọ̀ yẹn ò mọ ẹlẹ́sẹ̀. Ọ̀nà erùpẹ̀ apá Òkè-Ẹ̀rì dára, ṣùgbọ́n má dá lọ.

Nọ́ọ̀sì: Àbúrò, má bínú sí ìbéèrè mi. Ṣé nǹkan oṣù rẹ ń wá déédéé?

Oníbéèrè: Ó ti dáwọ́ dúró, mà. Mi ò lóyún, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ń kọ́ wa ní gbogbo obìnrin tó ń sáré ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì: Irọ́ ni, ẹ má gba irú ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́! Bí oúnjẹ ò bá tó iṣẹ́ tí ara ń ṣe, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ èyí tó ní ná. Á dá nǹkan oṣù dúró, họ́mọ̀nù tó ń mú eegun le á lọ sílẹ̀, eegun á sì lè sán. Bí ó bá ti tó oṣù 3, dókítà ló kàn. Fi ìka tẹ ojúgun yẹn báyìí. Bí ìrora bá tàn ká, ó lè má ju iṣan lọ. Ṣùgbọ́n bí ojú kan ṣoṣo bá ń dùn ọ́ wọra, tó tún ń ro ọ́ lóru, má sáré mọ́ títí wọn á fi yẹ̀ ọ́ wò. X-ray lè má tètè fi eegun tó sán hàn, nítorí náà sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà, títí kan nǹkan oṣù.

Ìyá Odògbolú: Ọmọ mi, gàrí Ìjẹ̀bú dùn, ṣùgbọ́n òun nìkan ò lè gbé ẹlẹ́sẹ̀ eré ró. Fi ẹ̀pà àti ẹja díndín sí i. Lálẹ́ tó ṣáájú eré gígùn, rin èwùrà, máa bọ́ ọ sínú ọbẹ̀ ẹja díẹ̀díẹ̀, jẹ́ kó ṣù, jẹ ìkọ́kọrẹ́ rẹ ní àjẹyó. Máa jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀dọ̀ fún ẹ̀jẹ̀, kí o sì fi ọsàn tẹ̀ lé e. Tíì ò yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ yẹn o, kì í jẹ́ kí ara rí èyí tó wúlò níbẹ̀ gbà. Ìjẹ̀bú-Òde yìí náà ni wọ́n bí Tobi Amusan sí, tó sá 100 mítà onídènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní 2022. Ebi kọ́ ló gbé e débẹ̀.

Oníbéèrè: Ojú kan ló ń dùn mí, mà. Mo ń lọ sí ọsibítù lọ́la. Ẹ̀gbọ́n, eré Èkó wá ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù: Láti 2016 ni wọ́n ti ń sá a lọ́dọọdún, wọ́n á tún sá a. Bí dókítà bá gbà kí o máa rìn, wá bá wa ní Sátidé. Àwọn tó ń sinmi máa ń rìn lẹ́yìn, a ó sì jọ jẹ àkàrà gbígbóná tó bá parí.